Ìbéèrè Tí Àǹtí Mi ní Ìmọ̀tà Bi Mí Nípa Abẹ́rẹ́ HPV

Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni fọ́ọ̀mù náà dé ilé àǹtí mi ní Ìmọ̀tà. Ọmọ wọn obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún 12 nígbà náà, ló mú un bọ̀ láti ilé ìwé. Ó ní kí màmá òun buwọ́ lù ú, torí àwọn nọ́ọ̀sì ń bọ̀ wá gún àwọn ọmọbìnrin lábẹ́rẹ́. Àǹtí mi wo ìwé náà síwá sẹ́yìn, wọ́n ká a róbótó, wọ́n jù ú sábẹ́ agbada gàrí tí wọ́n ń yan. Wọn ò sọ nǹkan kan. Gàrí ọjọ́ yẹn kúkú yan dáadáa.

Èmi wà ní yunifásítì nígbà tí mo gbọ́. Ẹ̀kọ́ nípa àwọn kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí ni mo ń kà, mo sì ń wá oyè kejì lórí rẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Ènìyàn á ka ìwé díẹ̀, á wá sọ ara rẹ̀ di dókítà ẹbí. Mo kó PDF mẹ́ta jọ, Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé ni gbogbo wọn, mo dà wọ́n sórí WhatsApp ẹbí wa. Èsì tí àǹtí mi fún mi ni fídíò ọkùnrin kan tó gbé gílóòbù sí apá tó ní wọ́n ti gún lábẹ́rẹ́ Kòrónà, gílóòbù náà sì ń tàn yòò. Ẹ̀gbọ́n mi kan kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "NEPA ti múná dé o!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Inú mi ò dùn rárá. Mo pe àwọn kan ní aláìmọ̀kan nínú ọkàn mi (inú ọkàn ni mo ti pè wọ́n o, mo ṣì nílò eyín mi).

Ọmọ náà ti pé ọdún 14 báyìí. Àwọn ọmọbìnrin láti ọdún 9 sí 14 ni ètò ọ̀fẹ́ ìjọba wà fún. Ẹni tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn aládàáni ló kù tó lè lọ, owó ibẹ̀ kì í sì í ṣe owó gàrí. Nítorí náà, nígbà tí mo lọ sílé ní họ́lidé tó kọjá, tó ku oṣù díẹ̀ kí ọmọ náà pé 15, mi ò gbé PDF kankan dání. Mo jókòó ti ààrò, mo gba igbá ọwọ́ àǹtí mi, mo ń bá wọn yan gàrí. Mo wá ní, "Àǹtí, kí ló ń bà yín lẹ́rù gan-an nínú abẹ́rẹ́ yìí?"

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Láti ọjọ́ yìí tí o ti ń sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́, òní ni o ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí."

Ìbéèrè àkọ́kọ́ wọn ló le jù fún mi. Wọ́n ní, "Owó la fi ń ra Pánádólù. Oògùn ibà, owó ni. Ìbọ̀wọ́ tí nọ́ọ̀sì fi gbẹ̀bí mi, èmi ni mo rà á. Kí ló wá dé tó jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò béèrè ni wọ́n ń gbé kiri lọ́fẹ̀ẹ́?"

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, mo gbà pé ìbéèrè olóye nìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni mo sọ fún wọn. Àjọ kan wà tí ń jẹ́ Gavi, wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 2000. Ó máa ń gba owó lọ́wọ́ ìjọba àwọn orílẹ̀-èdè tó rí jájẹ àti lọ́wọ́ àwọn ọlọ́rẹ-àánú, á fi ra abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́pọ̀ rẹpẹtẹ, kí iye rẹ̀ lè wálẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa. Ìjọba Nàìjíríà náà ń dá owó sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀fẹ́ ṣe dé: ẹlòmíràn ti san án. Wọ́n ń san án torí pé abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo kò wọ́n tó kí wọ́n máa tọ́jú jẹjẹrẹ. Ẹ wo iye ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ tí ń fi ìtànṣán pa jẹjẹrẹ ní gbogbo Nàìjíríà, kò tó nǹkan rárá, tí a bá sì rí èyí tó ní in, ṣé iná máa wà ni?

Ìyẹn kò sọ pé kí a má bínú nítorí ìbọ̀wọ́ o. Mo gbà pẹ̀lú àǹtí mi pé ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn ènìyàn fọkàn tán abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i pé ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń gún un ní Pánádólù.

Ìbéèrè kejì ni gbogbo yín ti mọ̀. Ṣé kò ní ba ilé-ọmọ jẹ́?

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. HPV jẹ́ fáírọ́ọ̀sì tó pọ̀ káàkiri, oríṣi rẹ̀ lé ní 100. Ìbálòpọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kó àwọn oríṣi tó léwu, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ti ní ìbálòpọ̀ rí ló sì ti ní ọ̀kan nínú wọn láìmọ̀. Ara wa máa ń lé e jáde fúnra rẹ̀ láàárín ọdún kan sí méjì. Ṣùgbọ́n lára àwọn kan, kì í lọ. Á fara pamọ́ sí ẹnu ilé-ọmọ, á máa ba àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún 15 tàbí 20, títí tí yóò fi di jẹjẹrẹ. Onímọ̀ ará Jámánì kan, Harald zur Hausen, ló rí oríṣi 16 àti 18 nínú ara irú jẹjẹrẹ yìí ní ọdún 1983 àti 1984. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 2008. Oríṣi méjì yẹn nìkan ló ń fa nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Ìṣirò ọdún 2020 ní nǹkan bí 12,000 obìnrin ló ń ní jẹjẹrẹ náà ní Nàìjíríà lọ́dún kan, ó sì ń pa nǹkan bí 8,000.

Kí ló wá wà nínú abẹ́rẹ́ náà? Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì HPV, kò sí òkú rẹ̀ níbẹ̀, kò sí ààyè rẹ̀. Ẹ̀wù rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. HPV ní èèpo kan tó fi ń bora. Àwọn onímọ̀ kọ́ ìwúkàrà, irú kòkòrò tí ń mú kí búrẹ́dì wú, bí yóò ṣe máa ṣe èèpo yẹn. Àwọn èèpo náà máa ń so mọ́ra fúnra wọn, wọ́n á rí róbótó bíi HPV gan-an, ṣùgbọ́n òfìfo ni inú wọn. Ẹ wò ó báyìí: ẹ̀kú eégún ni wọ́n sá sórí okùn. Kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Kò lè lé ọmọ, kò lè na ẹnikẹ́ni ní pàṣán. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti wo ẹ̀kú yẹn dáadáa lórí okùn, lọ́jọ́ tó bá rí i lójú títì tí ènìyàn wà nínú rẹ̀, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ta ni ń bọ̀. Iṣẹ́ tí abẹ́rẹ́ yìí ń ṣe nìyẹn. Ó ń fi ẹ̀kú han àwọn ọmọ ogun ara. Apá ni wọ́n ń gún un sí, ara á rí i, á kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀, á sì tú u ká. Kò sí ohun tó kù nínú rẹ̀ tí yóò lọ bá ilé-ọmọ jà.

Mo sọ èyí tán, àǹtí mi dákẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ̀kú òfìfo. Ó dáa. Àwọn tó ti gbà á ńkọ́, ṣé wọ́n bímọ?"

Wọ́n bímọ. Abẹ́rẹ́ yìí ti wà lóde láti ọdún 2006. Scotland bẹ̀rẹ̀ sí í gún un fún àwọn ọmọbìnrin ní ilé ìwé ní 2008, àwọn tó jẹ́ ọmọ ọdún 12 nígbà náà ti ń súnmọ́ 30 báyìí, wọ́n ń lóyún, wọ́n sì ń bímọ bíi gbogbo obìnrin. Ní ọdún 2024, àwọn olùwádìí níbẹ̀ yẹ ìwé ìlera wọn wò. Nínú gbogbo àwọn tó gbà á nígbà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 12 tàbí 13, wọn ò rí ẹyọ ẹnì kan tó ní jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Ẹyọ kan! Àwa tí a ń ka irú nǹkan báyìí lójoojúmọ́ mọ̀ pé a kì í sábà rí òdo nínú ìṣirò. Ohun tó dùn mí jù nínú àhesọ yìí ni pé jẹjẹrẹ náà gan-an ló ń gba ilé-ọmọ lọ́wọ́ obìnrin. Tó bá ti wọra, ẹ̀ẹ̀kan náà ni dókítà máa yọ ilé-ọmọ dànù tàbí kó fi ìtànṣán jó o, kí ẹ̀mí má bàa lọ.

Bí a ṣe ń sọ ìyẹn ni ọkọ àǹtí mi wọlé. Dádì ti fi ọkọ̀ akẹ́rù rìn lọ sí Àríwá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọn ò tiẹ̀ tíì jókòó tí wọ́n fi ní, "Bi í nípa Kánò."

Ẹ̀yin tí wọn ò tíì bí nígbà náà, ẹ gbọ́. Ní ọdún 1996, àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé ní Kánò. Ilé iṣẹ́ Pfizer wá, wọ́n fi oògùn tuntun kan tó ń jẹ́ Trovan dán wò lára nǹkan bí 100 ọmọ, wọ́n fún 100 mìíràn ní oògùn tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 kú lápapọ̀, àwọn mìíràn di abirùn. Àwọn òbí ní àwọn ò mọ̀ pé ìdánwò ni. Ilé iṣẹ́ náà ní àrùn ló pa àwọn ọmọ, pé kì í ṣe oògùn àwọn. Ẹjọ́ náà fà títí di 2009, kí wọ́n tó gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là. Ẹ kíyè sí i pé Trovan kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára rárá. Ṣùgbọ́n ta ló ráyè ìyẹn? Nígbà tí wọ́n gbé oògùn àrùn rọpárọsẹ̀ dé ní 2003, tí àwọn kan ní ó máa sọ ọmọ di àgàn, àwọn ará Kánò ti ní ìdí tí wọ́n fi lè gbà á gbọ́. Kánò dá ètò náà dúró fún nǹkan bí ọdún kan. Wọ́n tún un yẹ̀ wò, wọ́n sì lọ ra tuntun láti Indonesia, orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, kí ọkàn àwọn ènìyàn tó balẹ̀. Àrùn náà ò dúró dè wọ́n. Ó gba Nàìjíríà kọjá sí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, ní 2005 ó dé Indonesia yẹn gan-an. Ó di ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 kí wọ́n tó kéde pé fáírọ́ọ̀sì rọpárọsẹ̀ ti inú ìgbẹ́ ti tán ní Áfríkà.

Mo sọ fún Dádì pé ẹ̀rù wọn ní ìtàn, mi ò sì ní pè é ní àìmọ̀kan mọ́. Ìyàtọ̀ tí mo fi hàn wọ́n ni pé HPV kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá dán wò lára àwọn ọmọ Ìmọ̀tà. Àwọn ọmọ òyìnbó ló kọ́kọ́ gbà á. Ìbéèrè bóyá ẹyọ kan tó, Kenya ni ọ̀kan nínú àwọn ìwádìí tó dáhùn rẹ̀ ti wáyé: obìnrin 2,275, ọmọ ọdún 15 sí 20, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn. Lẹ́yìn oṣù 18, ẹyọ abẹ́rẹ́ kan ti dènà oríṣi 16 àti 18 dé ìwọ̀n 97.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyẹn tí tiwa fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré.

Dádì ní, "Síbẹ̀, nǹkan òyìnbó ni."

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n na ọwọ́ wọn. Gbẹ́rẹ́ mẹ́ta wà lọ́rùn ọwọ́ wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fa ọwọ́ wọn padà.

Mi ò sọ pé gbẹ́rẹ́ àti abẹ́rẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà o. Wọ́n ti wọn abẹ́rẹ́ wò, wọ́n ti ka iye ẹni tó ṣiṣẹ́ fún àti iye ẹni tó pa lára, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè kà á. Ṣùgbọ́n èrò pé kí a fi nǹkan sára kí àrùn tó dé, kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, àjẹsára. Kí abẹ́rẹ́ tó dé ni Yorùbá ti ń jẹ nǹkan sára. Kí ìgbóná tó wá máa pa àwọn ará Boston ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1721, ẹrú kan tí wọ́n mú láti Áfríkà, Onesimus, ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀, Cotton Mather, bí wọ́n ṣe ń fi díẹ̀ lára ọyún ẹni tó ní ìgbóná sínú ojú gbẹ́rẹ́ ẹni tí kò tíì ní in, kó má bàa mú un pa. Nígbà tí àrùn náà dé, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tó gbà á kò kú tó àwọn tí kò gbà á.

Kò tiẹ̀ dìgbà tí a bá dé Boston. Ẹ̀pẹ́ tó wà nítòsí wa níbí náà ní ìtàn. Nígbà ayé àwọn baba baba wa, nígbà tí ìgbóná ń jà níbẹ̀, dókítà tó wá sí ọ̀rọ̀ náà ni Oguntola Sapara, ọmọ Yorùbá tó kàwé ìṣègùn ní ìlú òyìnbó, tó bọ́ orúkọ òyìnbó rẹ̀ sílẹ̀ tó gba ti Yorùbá. Ó rí i pé àwọn ènìyàn ń sá fún abẹ́rẹ́ ìgbóná, ọ̀dọ̀ àwọn olóòṣà Ṣànpọ̀nná ni wọ́n ń lọ. Kò dúró síta máa bú wọn. Ó wọ ẹgbẹ́ náà, ó jókòó láàárín wọn, ó sì rí i pé àwọn kan nínú wọn ń fi ohun tí wọ́n há lára aláìsàn tan àrùn náà kálẹ̀. Ìjọba amúnisìn fi òfin de ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn ìyẹn. Èyí tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn yẹn ni pé ó kọ́kọ́ wọlé lọ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Èmi tí mo ní WhatsApp, PDF ni mo fi ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe, a ò pẹ́ lórí rẹ̀. Àǹtí mi ní ṣé kì í ṣe pé à ń sọ fún ọmọ pé kó lọ máa ṣe ohun tó wù ú? Mo ní ẹni tó ra agboòrùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò fi pe òjò. Ìdí tí wọ́n fi ń gún un ní kékeré ni pé kò lè lé HPV tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ jáde, ara ọmọdé sì máa ń kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ dáadáa ju ti àgbà lọ. (Ẹ̀yin obìnrin tó ti kọjá ọdún yẹn, ẹ máa lọ ṣe àyẹ̀wò ẹnu ilé-ọmọ. Àwọn tó gbà á náà á ṣì ṣe é tí wọ́n bá dàgbà, torí oríṣi tí abẹ́rẹ́ ò dé ṣì kù.)

Mo rò pé a ti parí. Dádì ti jáde lọ kírun, gàrí ti jiná. Àǹtí mi wá sọ èyí tí wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí nínú wa. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ bí ọmọ yìí gan-an, ní ilé ìwòsàn kan, nọ́ọ̀sì kan wá gún wọn lábẹ́rẹ́. Wọ́n bi í pé kí ló ń gún fún àwọn. Ó ní, "Ṣé ìwọ ni dókítà ni?" ó sì gbá wọn nítan.

"Ọjọ́ yẹn," àǹtí mi ní, "ni mo sọ pé ẹnikẹ́ni ò ní gún èmi tàbí ọmọ mi ní ohun tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́ láyé. Fọ́ọ̀mù tó gbé wá, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó ní kí n buwọ́ lù ú. Kò ní kí n béèrè."

Mi ò ní èsì. Ìwé tí mo kà ò dáhùn ìyẹn. Ohun tí mo lè sọ ni pé kí a jọ lọ, kí wọ́n lọ béèrè, tí ẹni tó wà níbẹ̀ ò bá dáhùn, a ó jọ padà sílé.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e la lọ sí sẹ́ńtà. Nọ́ọ̀sì tó dá wa lóhùn ò dàgbà jù mí lọ. Àǹtí mi béèrè orúkọ abẹ́rẹ́, ó sọ ọ́. Wọ́n béèrè ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, ó yí ìgò kékeré náà sí wọn kí wọ́n fojú ara wọn kà á. Wọ́n béèrè pé kí ló lè ṣe ọmọ. Ó ní apá á dùn ún, ara rẹ̀ lè gbóná díẹ̀, orí lè fọ́ ọ. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ mìíràn máa ń dákú tí wọ́n bá rí abẹ́rẹ́, ìdí nìyẹn tí yóò fi jókòó fún ìṣẹ́jú 15. Ó ní ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí ara ẹnì kan kọ̀ ọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n tó bá ṣẹlẹ̀, oògùn rẹ̀ wà nítòsí. Kò pariwo. Kò wo aago. Àǹtí mi wá yíjú sí ọmọ wọn, wọ́n bi òun náà pé ṣé ó fẹ́. Ọmọ náà ní ṣé ó máa dùn òun ni. Nọ́ọ̀sì ní, "Á dùn ọ́ díẹ̀." Ó na apá.

Aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ náà ni fóònù mi dún. "Apá ń dùn ún o! Ara rẹ̀ gbóná. Ṣé o mọ ohun tí o ti fi mí ṣe?" Mo ní kí wọ́n fún un ní parasitámọ́ọ̀lù, kó sùn. Wọ́n sùn. Èmi ni mi ò sùn. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa èèpo òfìfo, mo tún un kà lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni ń ka Kùránì. Ní òwúrọ̀, wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́: ọmọ náà ń jẹ gàrí, ó ń fi apá yẹn gan-an bu omi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àǹtí mi fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Wọ́n ní obìnrin kan tí wọ́n jọ ń yan gàrí ní ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 9. Wọ́n ní ìyá náà ní ìbéèrè, ó pọ̀, kí n má fi ìwé kankan ránṣẹ́ o, kí n pè.